Ẹ BI WÁ: Kí orúkọ èèyàn tó dé iwájú INEC

Ìdìbò abẹ́lé, èyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń yan olùdíje rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà yín dá lé lórí nínú àpò tá a tú lóṣù yìí: fọ́ọ̀mù, ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò, dẹ́lígéètì, àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó ní kí èèyàn "jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀". A mú mẹ́sàn-án nínú wọn. Òfin Ìdìbò 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìbò 2023, la gbé ìdáhùn kà. Àwọn aṣòfin l'Ábùjá a máa tún òfin yìí ṣe, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo èyí tó wà lójú ọpọ́n lásìkò tirẹ̀, pàápàá lórí irú ìdìbò abẹ́lé tí òfin gbà láyè àti iye ọjọ́ tí wọ́n dá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 31, ní òun fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ó ti ń tẹ pósítà, ó ti ń ran àǹkọ́ fáwọn ọ̀dọ́. Mo bi í pé ta ló mọ̀ ọ́n nínú ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa, kò rí nǹkan kan sọ. Ibo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀? (Ìyá kan, Ìsẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè tí ẹ bi í yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Mà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní wàhálà. Láti ọdún 2018 ni ẹni ọdún 25 ti lè díje sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. 30 ni tẹ́lẹ̀. Ti sẹ́nétọ̀ àti gómìnà ló dúró sí 35. Àmọ́ pósítà kọ́ ni ẹgbẹ́ fi ń mọ ọmọ ẹgbẹ́, rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù ni.

Kó mú káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá akọ̀wé wọ́ọ̀dù, kó sì bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ìlà tí orúkọ òun wà. Tí wọ́n bá ṣí ìwé náà, kó wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀, bóyá ó bá ti káàdì ìdìbò mu. Kó wo nọ́ńbà káàdì ẹgbẹ́, ọjọ́ tó wọlé, àti yúnìtì tí wọ́n kọ ọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní káàdì lọ́wọ́ tí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé, torí ẹni tó pín káàdì lọ́jọ́ ìpàdé kò padà lọ kọ wọ́n sílẹ̀. Ti àwọn míì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ "Báyọ̀ Kápẹ́ńtà" ni wọ́n kọ sórí ìlà náà, bẹ́ẹ̀ Adébáyọ̀ Gabriel ló wà lórí ìwé ẹ̀rí. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti tún ṣe lónìí. Tó bá di oṣù tí wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù, ẹjọ́ ló máa dà.

Abala 77 òfin náà sọ pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi rẹ́jísítà yìí ránṣẹ́ sí INEC, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá ku 30 ọjọ́ kí ìdìbò abẹ́lé wáyé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lẹ́yìn ìyẹn ti fún alátakò rẹ̀ ní ohun tó máa gbé lọ sílé ẹjọ́. Kó ka ìwé òfin ẹgbẹ́ rẹ̀ náà: ẹgbẹ́ míì máa ń ní èèyàn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ fún àkókò kan kó tó díje, àyàfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún un. Kí ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ wà lórí ìwé, kí ẹni tí òfin ẹgbẹ́ fún láṣẹ sì fọwọ́ sí i. Ìlérí alága wọ́ọ̀dù lórí fóònù kò lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò.

Lẹ́yìn wọ́ọ̀dù ni yòókù ń tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ á fún INEC ní ìwé ìfitónilétí, ó kéré tán 21 ọjọ́ ṣáájú, pé òun fẹ́ ṣe ìdìbò abẹ́lé. Wọn á ta fọ́ọ̀mù, wọn á ṣàyẹ̀wò àwọn tó rà á. Ẹni tí wọ́n bá já sílẹ̀ á lọ bá ìgbìmọ̀ ẹ̀bẹ̀. Ìdìbò abẹ́lé á wáyé lójú òṣìṣẹ́ INEC, ìgbìmọ̀ ẹ̀bẹ̀ mìíràn á gbọ́ ẹ̀sùn tó bá jáde níbẹ̀, ẹgbẹ́ á sì kó orúkọ lọ sọ́dọ̀ INEC, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá ku 180 ọjọ́ kí ìbò wáyé. Fún ìbò oṣù Kejì àti oṣù Kẹta 2023, láàárín oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà 2022 ni gbogbo ìdìbò abẹ́lé ti parí. Ẹ ò rí i pé ó ku bí oṣù mẹ́sàn-án tí aráàlú á dìbò, eré ti tán fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nítorí náà, kó dá aṣọ yẹn dúró ná, kó máa lọ sípàdé wọ́ọ̀dù.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni iye tí wọ́n ń pè fún fọ́ọ̀mù? Tí mi ò bá wọlé ńkọ́, ṣé wọ́n á dá owó mi padà? (Oníṣòwò kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Lóòótọ́ ni. Fọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n sábà máa ń tà pọ̀: èyí tí ẹ fi ń sọ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ sí ipò, àti èyí tí wọ́n fi ń fà yín kalẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ APC lọ́dún 2022, 500,000 náírà ni ti àkọ́kọ́ fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ìkejì jẹ́ mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ilé aṣojú-ṣòfin jẹ́ mílíọ̀nù 10 lápapọ̀, sẹ́nétọ̀ mílíọ̀nù 20, gómìnà mílíọ̀nù 50, ààrẹ mílíọ̀nù 100. PDP kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀: mílíọ̀nù 40 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ààrẹ, mílíọ̀nù 21 lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di gómìnà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 30,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà yẹn. Ẹni tó ń gbà á máa ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé díẹ̀ ní ọdún 27 àti oṣù mẹ́sàn-án, láìjẹ láìmu, kó tó ra fọ́ọ̀mù ilé aṣojú-ṣòfin. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ibi tí owó fọ́ọ̀mù bá ti ga báyìí, ẹlòmíì ló máa ń bá olùdíje san án, ẹni tó bá sì san owó fọ́ọ̀mù kò ní ṣàì wá gba èrè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Àwọn obìnrin àti àwọn tó ní ìpèníjà ara ní ẹ̀dínwó tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀: APC ní kí wọ́n san owó fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ nìkan, wọ́n sì fi ìkejì ta wọ́n lọ́rẹ. Mílíọ̀nù kan péré ni obìnrin tó fẹ́ lọ sílé aṣojú-ṣòfin máa san dípò mílíọ̀nù 10. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé 40 rí ìdajì ẹ̀dínwó gbà lórí fọ́ọ̀mù kejì. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ní ti ìdápadà, ẹ má fọkàn sí i. Báńkì ni kí ẹ sì san án sí, sínú àkáǹtì tí ẹgbẹ́ kéde, lórúkọ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ díje. Ẹ ṣe ẹ̀dà tẹ́là náà mẹ́ta. Owó tí ẹ bá kó lé alága kan lọ́wọ́ kì í ṣe owó fọ́ọ̀mù.

ÌBÉÈRÈ: Orúkọ bàbá mi ló wà lórí ìwé ẹ̀rí wáẹ̀kì mi. Mo ti lọ́kọ kí n tó jáde yunifásítì, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí ìyẹn. Lórí káàdì ẹgbẹ́, orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n kọ. Àwọn ará ibi báyìí ní kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀, pé gbogbo ayé ló mọ̀ mí. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyáálé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Gbogbo ayé kọ́ ló máa jókòó sínú yàrá ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò, Mà, gbogbo ayé kọ́ ló sì máa dájọ́. Nínú gbogbo lẹ́tà tó wà níwájú wa, tiyín ló yẹ kó tètè gba ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bayelsa kọ́ wa lọ́gbọ́n. David Lyon ti ẹgbẹ́ APC wọlé ìbò gómìnà ní oṣù Kọkànlá 2019. Wọ́n ti ń palẹ̀ ìbúra mọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2020, nígbà tí ìbúra ku ọ̀la, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá a nù. Lyon fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. Igbákejì rẹ̀, Biobarakuma Degi-Eremienyo, ni orúkọ tó wà lórí àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò bára wọn mu, wọ́n sì ní ohun tó kọ fún INEC kì í ṣe òótọ́. Nítorí pé olùdíje sípò gómìnà àti igbákejì rẹ̀ jọ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni, àwọn méjèèjì jọ ṣubú. Ìbò ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ sórí orúkọ tí kò bára mu.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wáẹ̀kì, ti yunifásítì, ti àgùnbánirọ̀, káàdì ìdìbò, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, káàdì ẹgbẹ́. Ẹ mú pépà kan, kí ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sí lẹ́tà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ ìbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibikíbi tí ìlà kan bá ti yàtọ̀ sí ìkejì, ìwé kan gbọ́dọ̀ wà tó ṣàlàyé ìdí. Tiyín rọrùn, torí ìwé ìgbéyàwó ló máa so orúkọ bàbá mọ́ ti ọkọ. Ẹ fi ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìkéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì pa odindi ojú ìwé ìròyìn náà mọ́. Ẹ má gé ibi tí orúkọ yín wà nìkan, torí déètì òkè rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ti káàdì ẹgbẹ́, kí akọ̀wé wọ́ọ̀dù tún un kọ sínú rẹ́jísítà, kí ẹ gba káàdì míì. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ nísinsìnyí. Ìwé ìbúra tó jẹ́ pé òru ọjọ́ tí àyẹ̀wò kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ṣe é máa ń fa ìfura.

Ohun kan tún wà. Ìwé ẹ̀rí yín lè má fakọ yọ, kò burú. Òfin kò béèrè ju kí èèyàn kàwé dé ìpele ìwé mẹ́wàá, tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí ayédèrú láti fi bo àbùkù ló máa ń sun ilé ara rẹ̀, torí abala 66 àti 107 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé ẹni tó bá fún INEC ní ayédèrú ìwé ẹ̀rí kò yẹ lẹ́ni tó lè díje.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni wọ́n máa ń bi èèyàn nínú yàrá àyẹ̀wò? Ṣé wọ́n lè já mi sílẹ̀ torí pé wọn ò fẹ́ràn mi? (Olùkọ́ kan, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Wọn á wo ojúlówó ìwé yín, wọn á fi í wé ẹ̀dà tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Wọn á béèrè wọ́ọ̀dù yín àti ọdún tí ẹ wọ ẹgbẹ́, ìwé owó-orí ọdún mẹ́ta, bóyá ilé ẹjọ́ ti dá yín lẹ́bi rí, bóyá ẹ ti gba ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, àti ohun tí ẹ máa ṣe tí ẹ bá pàdánù. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn dà bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, àmọ́ òun ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ jù.

Ní ti ìfẹ́ tàbí ìkórìíra, abala 84 nínú Òfin Ìdìbò sọ ọ́ ketekete pé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbé ìdíwọ́ kalẹ̀ fún olùdíje ju èyí tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè lọ. Tí wọ́n bá já yín sílẹ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lórí ìwé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀bẹ̀ lọ kó tó di pé àkókò tí wọ́n fún yín tán. Àkókò yẹn kì í gùn, nígbà míì kì í ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí síbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2020, ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò APC ní Godwin Obaseki, gómìnà Edo nígbà náà, kò yẹ nítorí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó bọ́ sí PDP, ó sì wọlé ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Gómìnà ni, ó lágbára láti fo ọgbà. Ẹni tó kàn jẹ́ olùkọ́ ní Adó kò ní rí ẹgbẹ́ tó máa gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìwé rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àwa mẹ́rin la ra fọ́ọ̀mù. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ pè wá sílé bàbá kan, wọ́n ní àwọn ti fẹnu kò sí ẹnì kan, kí àwa yòókù lọ sinmi. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, n ò sọ̀rọ̀. Ní báyìí wọ́n ń kéde pé gbogbo wa la gbà. Ṣé dídákẹ́ mi ti di gbígbà? (Olùdíje kan, ẹkùn Ìjẹ̀bú)

ÌDÁHÙN: Ó tì o. Nílé wa, ọmọ kì í dá àgbà lóhùn nílé àgbà, ìwà ọmọlúàbí lẹ hù. Àmọ́ òfin ìdìbò kì í ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí ìfọwọ́sí.

Kí ìfẹnukò tó lè dúró lábẹ́ òfin 2022, gbogbo ẹni tí ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò gbà wọlé gbọ́dọ̀ kọ ìwé, kálukú tirẹ̀. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ohun méjì: pé mo yọwọ́ nínú ìdíje yìí tìfẹ́tìfẹ́, àti pé mo fara mọ́ lágbájá tí a jọ fẹnu kò sí. Èyí tó sọ ọ̀kan tó fi ìkejì sílẹ̀ kò pé. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ìwé mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jáde. Tó bá jẹ́ méjì ló jáde, kò sí ìfẹnukò, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ padà sídìí ìdìbò abẹ́lé. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì pé, ẹgbẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ ṣe àpérò ní ẹkùn yín láti fọwọ́ sí ẹni náà.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìwé tí kò ní déètì. A máa ń rí i tí wọ́n ki lẹ́tà ìyọwọ́ mọ́ inú fọ́ọ̀mù, tí olùdíje á fọwọ́ sí i pọ̀ mọ́ yòókù láì kà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọn á kọ déètì tó wù wọ́n sí i. Ẹ ka gbogbo ojú ewé. Èyí tí ẹ bá máa fọwọ́ sí, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ déètì sí i, ẹ fa ìlà sí gbogbo àyè tó ṣófo, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Tí ẹ kò bá fara mọ́ ọn, ẹ kọ lẹ́tà lónìí sí alága ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà fún INEC: ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá, kí ẹ sì sọ pé ẹ kò tíì yọwọ́. Kí ẹni tó gbà á lọ́fíìsì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú déètì. Èèyàn lè bọ̀wọ̀ fágbà kó sì tún kọ̀wé.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò àti kí dẹ́lígéètì dìbò? Èwo ló dáa? (Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Òfin 2022 gba àwọn méjèèjì láyè, pẹ̀lú ìfẹnukò tá a sọ lókè. Ti dẹ́lígéètì, àwọn tí ọmọ ẹgbẹ́ dìbò yàn nìkan ló lè dìbò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn gómìnà, sẹ́nétọ̀ àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ tó máa ń dìbò torí ipò wọn kò fi rí ìbò dì níbi ìpàdé ńlá tí wọ́n ti yan olùdíje sípò ààrẹ lọ́dún 2022. Àwọn aṣòfin sáré tún òfin náà ṣe, ààrẹ ìgbà náà kò buwọ́ lù ú. APC mú dẹ́lígéètì mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ 774, àròpọ̀ wọn jẹ́ 2,322. Bola Tinubu gba 1,271 nínú ìbò wọn.

Nọ́ńbà yìí ló jẹ́ kí ti dẹ́lígéètì rọrùn láti ṣètò, òun náà ló sì jẹ́ kí ó rọrùn láti rà. Ẹni tó bá ní owó mọ iye èèyàn tí òun ń wá, ó mọ òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dé sí.

Nínú ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ìlà ni wọ́n sábà máa ń tò ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn fọ́tò olùdíje tàbí ẹni tó ṣojú rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe yẹ kó rí. Òṣìṣẹ́ pe orúkọ láti inú rẹ́jísítà, ẹni tí wọ́n pè fi káàdì hàn, ó bọ́ sórí ìlà. Nígbà tó bá tó àkókò, òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó na bírò sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń ka nọ́ńbà sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́, ẹni tí wọ́n kà á sì kúrò lórí ìlà lọ sí apá kan. Ibi tí wọ́n bá ti gbà kí ẹni tí wọ́n kà dúró sójú kan náà, àwọn tó wà níwájú á yí gba ẹ̀yìn, wọn á kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí wọn ò bá ti pe rẹ́jísítà rárá, àwọn tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó wá láti wọ́ọ̀dù míì á dara pọ̀. Aṣojú yín gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀, kó máa kọ nọ́ńbà bí wọ́n ṣe ń pè é, kó sì gba ẹ̀dà ìwé èsì tí wọ́n fọwọ́ sí kó tó kúrò níbẹ̀.

Lójú tiwa, ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló dáa jù tí rẹ́jísítà bá mọ́. Tí rẹ́jísítà bá dọ̀tí, ẹni tó kọ orúkọ sínú rẹ̀ ló ti yan olùdíje.

ÌBÉÈRÈ: Olùrànlọ́wọ́ pàtàkì gómìnà ni mí. Ṣé mo gbọ́dọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó díje? (Kò fẹ́ kí á dárúkọ ìlú rẹ̀)

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, kó tó di ìdìbò abẹ́lé. Abala 84(12) sọ pé ẹni tí wọ́n yàn sípò òṣèlú kò lè jẹ́ dẹ́lígéètì, kò sì lè díje. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2022, àmọ́ kò kúrò nínú òfin náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn mínísítà tó fẹ́ díje fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba lásán yàtọ̀: ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní kó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 30 ọjọ́ ṣáájú ìbò gan-an. Kí ẹ gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n rí lẹ́tà yín gbà, kí owó oṣù má sì wọ àkáǹtì yín mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Tó bá wọlé, ẹ dá a padà lórí ìwé.

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni mo wọlé ìdìbò abẹ́lé. Nígbà tí INEC lẹ orúkọ, ti ẹlòmíì ni mo rí. Ẹgbẹ́ ní kí n ṣe sùúrù, pé àwọn ń yanjú rẹ̀ nínú ilé. Oṣù kan ti kọjá. Kí ni kí n ṣe? (Olùdíje kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ yín dùn wá gan-an, torí sùúrù yẹn ló gba ẹjọ́ lọ́wọ́ yín. Abala 285 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní ẹjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìbò gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún wà nínú ìṣirò náà, ìjókòó ìlàjà inú ẹgbẹ́ kì í sì í dá a dúró. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ni ẹ máa lọ. Wọ́n ní 180 ọjọ́ láti dájọ́. Ọjọ́ 14 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí ìyẹn ní 60 ọjọ́. Ẹ rí lọ́yà lónìí, bóyá ohun míì ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ tó ṣì wà nínú ọjọ́ 14. Tí kò bá sí, àwa kò ní tàn yín: ó ṣeé ṣe kí ó ti bọ́.

Fún ẹlòmíì tó ń ka èyí, ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ: ìwé èsì tí wọ́n fọwọ́ sí, fídíò ìkéde, àti ẹ̀dà ìjábọ̀ òṣìṣẹ́ INEC tó wà níbẹ̀, tí INEC tẹ òǹtẹ̀ lù. Ìjábọ̀ yìí lágbára ju ẹlẹ́rìí mẹ́wàá lọ. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2019 pé APC kò ṣe ìdìbò abẹ́lé tó bófin mu ní Zamfara, gbogbo ìbò tí ẹgbẹ́ náà rí nù, gómìnà ẹgbẹ́ mìíràn sì gorí oyè.

Ẹ kíyè sí irú ìwé ìpẹ̀jọ́ tí lọ́yà yín fẹ́ lò. Bashir Machina wọlé ìdìbò abẹ́lé sẹ́nétọ̀ Àríwá Yobe ní oṣù Karùn-ún 2022, Ahmad Lawan, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ìgbà náà, sì wà nínú ìdíje sípò ààrẹ, síbẹ̀ orúkọ Lawan ni ẹgbẹ́ wọn, APC, fi ránṣẹ́ sí INEC. Machina borí ní ilé ẹjọ́ méjì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2023, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá Lawan láre, torí pé ẹ̀sùn jìbìtì wà nínú ẹjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ Machina lo irú ìwé ìpẹ̀jọ́ tí wọ́n fi ìwé ìbúra nìkan gbọ́, kò lo èyí tí ẹlẹ́rìí á ti wá dúró kí wọ́n bi í léèrè. Tí ọ̀rọ̀ jìbìtì tàbí ayédèrú bá wà nínú tiyín, ẹ bi lọ́yà yín ní ìbéèrè yẹn kó tó fi ẹjọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún rántí pé ẹni tó díje nínú ìdìbò abẹ́lé kan náà ló lè pe irú ẹjọ́ yìí. Ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn tó bá gbé e, àjùmọ̀ṣe kọ́, àyọjúràn ni ilé ẹjọ́ máa pè é.

ÌBÉÈRÈ: Tí ẹni tó wọlé ìdìbò abẹ́lé bá kú tàbí tó yọwọ́, ṣé ẹni tó ṣe ipò kejì ló máa gbapò rẹ̀? (Olùkà kan, Èkó)

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìdìbò abẹ́lé tuntun láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tó bá fẹ́ yọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kó fọwọ́ sí i, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí INEC gbọ́, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá ku 90 ọjọ́ kí ìbò wáyé. Lẹ́tà ìyọwọ́ tí ẹlòmíì bá gbé wá lórúkọ olùdíje, kí ẹgbẹ́ má gbà á.

Ti káńsẹ́lọ̀ àti alága ìjọba ìbílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ yín náà béèrè, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é, LASIEC l'Ékòó, OYSIEC ní Ọ̀yọ́. Owó fọ́ọ̀mù, ọjọ́ orí àti iye ọjọ́ tiwọn wà nínú òfin ìpínlẹ̀ àti ìlànà tí àjọ náà bá gbé jáde. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí ẹ béèrè ìlànà tó ní òǹtẹ̀. Rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù tá a ti sọ látòkè ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí níbẹ̀ náà.